Pọ́ǹpù fákúọ̀mù yín kò fà mọ́? Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí ẹ tó dá a lẹ́bi

Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Pọ́ǹpù fákúọ̀mù, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ inú nǹkan jáde, kò lẹ́nu tí yóò fi rojọ́ tirẹ̀, nítorí náà òun ni gbogbo láàbù máa ń nàka sí. Èròjà kò gbẹ lórí rotavap, ẹ̀rọ tó ń yí flask lórí omi gbígbóná kí èròjà inú rẹ̀ lè gbẹ, wọ́n á ní pọ́ǹpù ni. Omi kò ro nínú fọ́nẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ní pọ́ǹpù ni. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ní láàbù kẹ́mísírì, èyí tó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gbé wá síwájú mi pé ó ti kú, kò kú. Họ́ọ̀sì ló là, tàbí ọ́ìlì ló bàjẹ́, tàbí ẹnìkan ló ṣí nǹkan sílẹ̀ tí kò rántí tì í. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tí mo fẹ́ fi hàn yín yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti ìta wọ inú. Sípánà ló kẹ́yìn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lára ògiri. Bí mọ́tò bá dúró fúnra rẹ̀, ìyẹn kò ní kó má lè tún gbéra, nítorí ọ̀pọ̀ mọ́tò ló ní ohun kan nínú tó máa ń gé iná bí ara bá gbóná jù, tó sì máa ń dá iná náà padà fúnra rẹ̀ bí ara bá ti tutù. Ẹ rò ó wò kí ìka yín wà lẹ́nu fáànù lásìkò yẹn. Ẹ má sì gbàgbé kàpásítọ̀, agolo kékeré ẹ̀gbẹ́ mọ́tò: iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì.

Ẹ wọ gíláàsì tó ń dáàbò bo ojú. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ń fi ìwúwo bíi kílò kan tẹ gbogbo ibi tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró, a kàn ti mọ́ ọn lára ni. Ní 1657, nílùú Magdeburg ní Jámánì, Otto von Guericke pa igbá bàbà méjì dé ara wọn, ó fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde, ẹṣin 16 ló sì so mọ́ ọn tí wọ́n ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Irú agbára yẹn ló ń tẹ flask yín, ìgò dígí láàbù, láti ìta. Flask elétí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ onídìí pẹlẹbẹ tí ẹ fi ń ṣe títírétì kì í ṣe ohun tí a ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Flask ìsẹ́ tí ara rẹ̀ nípọn, tó ní imú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni kí ẹ lò, ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ rí i pé kò sán níbì kankan.

Ohun tí pọ́ǹpù bá fà wọlé, ó ní ibi tó ń tú u sí. Ẹ so họ́ọ̀sì mọ́ ibi tó ti ń mí jáde, kí ẹ darí rẹ̀ sínú fume cupboard, kọ́bọ́ọ̀dù láàbù tó ń fa èéfín olóró jáde síta. Bí pọ́ǹpù náà bá ti fa ásíìdì tàbí ohun olóró rí, ìbọ̀wọ́ ṣe pàtàkì kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ́ìlì rẹ̀.

Irú èwo ló wà lọ́wọ́ yín?

Oríṣi mẹ́ta la sábà ń bá pàdé. Àkọ́kọ́ ni aspirator tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi. Kò ní mọ́tò, kò ní ọ́ìlì, ṣùgbọ́n ó ní ààlà tí kò lè kọjá: ooru tó ń ti ara omi fúnra rẹ̀ jáde, ìyẹn omi tó ti di afẹ́fẹ́. Bí omi bá wà ní 20°C, aspirator tó dára jù lọ yóò dúró ní nǹkan bí 23 mbar. Mbar la fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù ṣe ń tẹ nǹkan tó: bó bá ṣe kéré sí, bẹ́ẹ̀ ni fákúọ̀mù ṣe dára sí. Bí omi bá jẹ́ 30°C, bí tiwa ṣe sábà ń rí, 42 mbar ni yóò dúró sí, kò sí oògùn rẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó láàárọ̀ ọyẹ́ tó wá ń lò ó lọ́sàn-án oṣù kẹta yóò rò pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́, omi ló gbóná.

Èkejì ni diaphragm, tó ń fi awọ pẹlẹbẹ tó ń lọ sókè sódò fa afẹ́fẹ́, láìlo ọ́ìlì. Olórí kan ṣoṣo máa ń dúró sí àárín 70 sí 100 mbar. Olórí méjì tí wọ́n tò tẹ̀ léra lè dé nǹkan bí 10 mbar. Ẹ̀kẹta ni rotary vane, tí pátákó pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ń yí nínú ọ́ìlì, tí ẹlẹ́ẹ̀mejì rẹ̀, èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ ní ìpele méjì tẹ̀ léra, lè wọlẹ̀ dé nǹkan bí 0.002 mbar nígbà tó bá wà ní tuntun tí ohunkóhun kò sì so mọ́ ọn. Bí ẹ bá so diaphragm mọ́ freeze dryer, ẹ̀rọ tó ń gbẹ nǹkan nígbà tó ṣì dì bíi yìnyín, tí yìnyín wá bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má nà án. Iṣẹ́ tí kò lè ṣe lẹ gbé fún un.

Ẹ ka ohun tó wà lára tiyín, ẹ wá iye mbar tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ pé ó lè dé nínú ìwé rẹ̀. Láìsí iye yẹn, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ó ń ṣàìsàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yà á sọ́tọ̀

Ẹ yọ họ́ọ̀sì tó so pọ́ǹpù mọ́ iṣẹ́ yín. Ẹ so géèjì mọ́ ẹnu pọ́ǹpù gan-an, kí ohunkóhun mìíràn má sí lára rẹ̀. Ẹ ti gas ballast, fáàfù kékeré kan tí mo máa ṣàlàyé níwájú, bí ó bá ní in. Ẹ tan án, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bí ìdajì wákàtí kí ara rẹ̀ lè yá, nítorí ọ́ìlì tútù kì í jẹ́ kí wọ́n dé ibi tó yẹ.

Bí géèjì bá dé iye tó wà nínú ìwé tàbí tó sún mọ́ ọn, a ti dá pọ́ǹpù sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ pa á, kí ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ kejì. Bí kò bá dé ibẹ̀, ẹ fo ìgbésẹ̀ kejì, kí ẹ lọ wo ọ́ìlì; bó bá jẹ́ diaphragm tí kò ní ọ́ìlì, ẹ lọ sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ sípánà.

Ọ̀rọ̀ kan lórí géèjì, torí òun náà lè jẹ́ ẹlẹ́rìí èké. Géèjì olọ́wọ́ tó ń ka láti 0 dé -1 bar kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín 10 mbar àti 1 mbar fún yín; ọwọ́ rẹ̀ yóò kàn lẹ̀ mọ́ ìparí ni. Pirani, irú géèjì oníná kan, sì ń ka afẹ́fẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ooru ẹ́tánọ́ọ̀lù tàbí ti omi bá kún inú họ́ọ̀sì, iye tó máa sọ kì í ṣe òtítọ́. Bí ẹ bá fura sí i, ẹ yá géèjì mìíràn lọ́wọ́ láàbù kejì kí ẹ fi wọ́n wéra.

Kò sí géèjì rárá ńkọ́? Fún diaphragm olórí méjì, omi lè jẹ́ géèjì yín. Ẹ bu omi díẹ̀, bíi ṣíbí méjì, sínú flask ìsẹ́ tó nípọn, ẹ dí ẹnu rẹ̀, ẹ fà á láìfi iná kankan sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí ìfófòó kéékèèké tó ń gun ara dígí lọ sókè. Ìyẹn kò tíì ṣe nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi ló ń jáde. Ẹ ní sùúrù. Bí omi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí hó láti ìsàlẹ̀, tó ń tú sókè gbùú gbùú, tí ìdí flask sì ń tutù lábẹ́ ọwọ́ yín, a jẹ́ pé ẹ ti kọjá 42 mbar bí omi bá jẹ́ 30°C. Bí kò bá hó lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ kò tíì débẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí diaphragm náà fa afẹ́fẹ́ lásán fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ibo ni afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé?

Pọ́ǹpù kò jẹ̀bi, iṣẹ́ kò sì lọ. A jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan. Ẹ má wo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dá họ́ọ̀sì nìkan padà sára pọ́ǹpù, ẹ dí ẹnu rẹ̀ kejì, ẹ wo géèjì. Ó dáa? Ẹ fi trap, ìgò tó ń mú ooru kó tó dé pọ́ǹpù, kún un. Ó dáa? Ẹ fi condenser, dígí tí omi tútù ń gbà kọjá tó ń sọ ooru di omi, kún un. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa bọ̀ títí géèjì yóò fi ta sókè, ohun tí ẹ fi kún un kẹ́yìn lolè.

Họ́ọ̀sì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ibi tó ti wọ ẹnu irin ló ti máa ń là, tí rọ́bà rẹ̀ á le bí awọ gbígbẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ìlà kéékèèké á hàn. Ẹ gé sẹ̀ǹtímítà méjì kúrò níbẹ̀, ìyà ti tán. Ṣùgbọ́n ẹ má fi họ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń fa bẹntiróòlù rọ́pò rẹ̀. Ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, bí fákúọ̀mù bá ti wọlé yóò pẹlẹbẹ, ọ̀nà á sì dí. Ẹni tó bá rí i á tún ní pọ́ǹpù ni kò fà. Họ́ọ̀sì tó gùn jù tó sì tín-ín-rín náà ń fún iṣẹ́ lọ́rùn, pàápàá bí ẹ bá ń wá ohun tó wà nísàlẹ̀ 1 mbar. Ẹ jẹ́ kó kúrú, kí inú rẹ̀ sì fẹ̀ tó ẹnu pọ́ǹpù.

Lẹ́yìn họ́ọ̀sì, ẹ wo rọ́bà òrùka tó wà láàárín ibi tí rotavap ti ń yí, ẹ wo ibi tí dígí ti wọ inú dígí bóyá gíríìsì rẹ̀ ti gbẹ tàbí iyẹ̀pẹ̀ wà níbẹ̀.

Bí ẹ kò bá tíì rí i, ẹ fà á wọlẹ̀, kí ẹ ti fáàfù tó wà láàárín pọ́ǹpù àti iṣẹ́, kí ẹ máa wo géèjì. Bó bá ń gùn ún láìdúró, ní ìwọ̀n kan náà, ihò wà. Bó bá yára gùn ún, tó wá dẹ̀rọ̀, tó dúró síbì kan, omi tàbí èròjà kan ló wà nínú tó ń tú ooru jáde. Ẹ má wá ihò, ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ. Ọ̀pọ̀ ló ti fi ọ̀sẹ̀ kan wá ihò tí kò sí.

Láti rí ihò gan-an, ẹ fi isopropanol, irú ọtí láàbù kan, díẹ̀ kán ibi tí ẹ fura sí, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wo géèjì. Bó bá fò tàbí tó yí padà lójijì, ibẹ̀ ni. Kí iná kankan má sí nítòsí o, kí ohun tó gbóná má sì sí níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọ́ìlì

Níbí ni mo ti fẹ́ ká dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rotary vane ti ń kú.

Ọ̀sán gangan lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan sáré wọlé wá bá mi. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, pọ́ǹpù yẹn ti kú o. Láti àárọ̀, kò ṣe nǹkan kan.” Mo tẹ̀ lé e. Ewé tó rẹ sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù ló ń gbẹ lórí rotavap. Mo wo flask tó yẹ kí ẹ́tánọ́ọ̀lù máa kán sí, ó gbẹ táútáú. Mo wo èyí tí ewé wà nínú rẹ̀, ó ti fà.

“Ẹ́tánọ́ọ̀lù tó fà yìí, ibo ló gbà lọ?”

Ó wò mí, kò fèsì. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ojú dígí tó wà lára pọ́ǹpù. Ọ́ìlì ti ga kọjá ìlà MAX, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó bu ọ́ìlì sí i láti oṣù tó kọjá. Mo fọwọ́ kan họ́ọ̀sì tó ń gbé omi lọ sínú condenser, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ìkókó. Láti inú táńkì dúdú orí òrùlé ni omi ọ̀hún ti ń bọ̀, oòrùn sì ti ń pa á láti àárọ̀. Condenser kò rí ìtutù tó fi máa sọ ooru ẹ́tánọ́ọ̀lù di omi, ooru náà sì kọjá lọ tààrà sínú pọ́ǹpù, ó di omi sínú ọ́ìlì. Pọ́ǹpù mu ẹ́tánọ́ọ̀lù yó ni.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ọ́ìlì bá ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọ́ìlì ló ń pọ̀. Àwọn tó ń lo rotavap ní òfin kan tó rọrùn: omi ìsàlẹ̀ ní 60°C, ooru èròjà ní 40°C, omi condenser ní 20°C, bí ẹ bá wá gbé fákúọ̀mù sí bíi 175 mbar, ẹ́tánọ́ọ̀lù yóò máa wá ní ìrọ̀rùn. Ẹ má fà á wọlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣí pọ́ǹpù dé òpin ń lé ẹ́tánọ́ọ̀lù sínú ẹ̀rọ rẹ̀ ni. Fún omi condenser tó gbóná, ohun tí àwa ṣe ni pé a kó yìnyín àti omi sínú kúlà, a ju pọ́ǹpù omi kékeré sínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò fún omi ẹja, ó sì ń yí omi tútù náà po. Owó rẹ̀ kò tó owó ọ́ìlì gálọ́ọ̀nù kan.

Bí ẹ ṣe ń ka ojú ọ́ìlì rèé. Tó bá mọ́, tó dà bí òróró tuntun, kò sí wàhálà. Tó bá funfun bí ògì tàbí bí tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ló wà nínú rẹ̀. Tó bá dúdú bí àdín, tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ó ti jó, tàbí èròjà kan ti bà á jẹ́. Tó bá mọ́ ṣùgbọ́n tó ṣàn bí omi, èròjà bí ẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Tó bá wà nísàlẹ̀ ìlà MIN, kò lè dí àárín àwọn pátákó pẹlẹbẹ inú rẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ yóò máa yọ́ padà.

Fún omi tàbí èròjà díẹ̀, gas ballast ni oògùn rẹ̀. Wolfgang Gaede, ará Jámánì, ló ronú rẹ̀ ní 1935. Fáàfù kékeré ni, tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta díẹ̀ wọ ibi tí pọ́ǹpù ti ń tẹ ooru papọ̀, kí fáàfù ìjáde lè ṣí kí ooru náà tó ráyè di omi. Ẹ ṣí i, ẹ dí ẹnu pọ́ǹpù, ẹ jẹ́ kó yí fún ìdajì wákàtí tàbí títí ojú ọ́ìlì yóò fi mọ́. Ohun tó dára jù ni kí ẹ máa ṣe é ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí tì í! Pọ́ǹpù tí gas ballast rẹ̀ wà ní ṣíṣí kò lè dé ìsàlẹ̀ tó yẹ kó dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbọ́ kí wọ́n fẹ́ ra pọ́ǹpù tuntun nítorí kókó kékeré tí ẹnìkan yí sápá òsì.

Bí ọ́ìlì bá ti dúdú, pípààrọ̀ ló kù. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù gbóná fún bí ìṣẹ́jú 20, kí ìdọ̀tí lè gbéra. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ ṣí ìdérí ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé e tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí gbogbo rẹ̀ lè ṣàn. Ẹ dé e, ẹ bu ọ́ìlì tuntun díẹ̀, ẹ jẹ́ kó yí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún dà á nù. Bí èyí tó jáde bá ṣì dúdú, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bu tuntun títí yóò fi wà láàárín ìlà méjèèjì. Ọ́ìlì tuntun tún máa ń gba wákàtí díẹ̀ kó tó tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, nítorí náà ẹ má dá a lẹ́jọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ọ́ìlì pọ́ǹpù fákúọ̀mù ni o, kì í ṣe ti ọkọ̀. Wọ́n po oríṣiríṣi nǹkan mọ́ ọ́ìlì ọkọ̀ tó ń tú ooru jáde nínú fákúọ̀mù, ẹ kò ní rí 0.01 mbar láéláé. Bí ẹ bá sì ń fa òkísíjìn tó pọ̀ ju ti afẹ́fẹ́ lásán lọ, ọ́ìlì pọ́ǹpù yìí pàápàá kò dára. Ó lè gbiná. PFPE, irú ọ́ìlì kan tí kì í gbiná, ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ó sì wọ́n.

Ọ́ìlì tí ẹ dà jáde ńkọ́? Ẹ má dà á sí gọ́tà. Ẹ má sì fún ẹni tó ń ra kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì, torí wọ́n á tà á fún káfíńtà tí yóò fi kun pákó òrùlé nítorí ikán, pẹ̀lú gbogbo ohun tí láàbù yín ti fà sínú rẹ̀. Ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára, kí ó bá àwọn èròjà ìdànù láàbù lọ.

Trap tútù ni yóò dáàbò bo ọ́ìlì tuntun náà. Dry ice, ìyẹn káàbọ́ọ̀nù dáyọ́sáídì tó dì bíi yìnyín, nínú ásítóònù, tó jẹ́ -78°C, tó fún èyí tó pọ̀ jù nínú èròjà wa. Bí ẹ bá ń lo náítírójìn olómi, tó jẹ́ -196°C, ẹ ṣọ́ra gan-an: òkísíjìn ń di omi ní -183°C, nítorí náà bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ́ wọlé, òkísíjìn olómi yóò gbára jọ sínú trap yín, tó lè bú gbàù bó bá kan èròjà. Bí ẹ bá rí omi aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀, ẹ má gbé e, ẹ má dé e pa, ẹ kó àwọn ènìyàn jáde kí ẹ sì pe ẹni tó ń mójú tó ààbò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kò tan rárá

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ gbé fáànù tàbí gílóòbù sí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ wo fíúsì. Bí mọ́tò bá ń kùn hùn-ún tí kò yí, ẹ yára pa á, torí iná ń jó o nínú. Ẹ wọn iná sọ́kẹ́ẹ̀tì: 230 fóòtì ló yẹ. Bó bá ti wálẹ̀ gan-an, bó ṣe máa ń rí lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan iná, mọ́tò kò ní lágbára láti gbéra, pàápàá láàárọ̀ tí ọ́ìlì bá tutù tó sì ki. Ẹ dúró de iná tó dára, tàbí kí ẹ lo jẹnẹrétọ̀ tó ní agbára tó. Mọ́tò máa ń fa iná tó pọ̀ gan-an ní ìgbà tó bá ń gbéra ju ìgbà tó bá ti ń yí lọ.

Bí iná bá dára, kàpásítọ̀ ló kàn. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ iná tú iná inú rẹ̀ jáde, kó yọ ọ́, kó wọ̀n ọ́n. Iye rẹ̀ wà lára rẹ̀ ní µF. Bó bá fi dáadáa kéré sí ohun tí wọ́n kọ, tàbí tí ara rẹ̀ wú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí iye kan náà. Ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ pọ̀ máa ń dùbúlẹ̀ nítorí agolo tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Àwọn tókunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ní ìṣòro tiwọn. 115 fóòtì, 60 Hz ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ọ̀pọ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n fi tiransífọ́mà gé fóòtì kù, ṣùgbọ́n tiransífọ́mà kò lè yí 50 Hz tiwa padà. Mọ́tò náà yóò máa yí díẹ̀díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́fà ìyára rẹ̀ á lọ, ara rẹ̀ á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá ń rà, ẹ wo ara mọ́tò fún “50/60 Hz” kí ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fi ọwọ́ yí fáànù tàbí ọ̀pá rẹ̀. Bó bá yí, kì í ṣe inú pọ́ǹpù. Bí kò bá yí rárá, ọ́ìlì ti di gọ́ọ̀mù tàbí ìpẹtà ti mú un. Ẹ má fi agbára yí i.

Ariwo, èéfín, gbígbóná, jíjò

Nígbà tí rotary vane bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó máa ń lu kọ-kọ-kọ. Àwọn kan máa ń sá lọ pa á. Ọ́ìlì tó ń gbá fáàfù ìjáde ni, torí afẹ́fẹ́ kò sí mọ́ láti tì í. Àmì ìlera ni. Ẹ ṣí gas ballast díẹ̀, ariwo náà á rọlẹ̀. Bó bá ń bá a lọ síbẹ̀, tàbí tó ń ké bí irin tó ń ha irin, a jẹ́ pé béárínì tàbí pátákó inú rẹ̀ ti ń jẹ.

Èéfín tó ń jáde kì í ṣe èéfín, ìkùukùu ọ́ìlì ni. Ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, kò burú. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ọ́ìlì ti pọ̀ jù, tàbí gas ballast wà ní ṣíṣí, tàbí ihò ńlá wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tàbí àsẹ́ ẹnu ìjáde ti kún. Fún pọ́ǹpù tó ti dúró láìṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ yọjú wo ẹnu ìjáde yẹn kí ẹ tó tan án. Mo ti bá ilé agbọ́n alámọ̀ nínú rẹ̀ rí. Bí ẹnu ìjáde bá dí, ọ́ìlì yóò wá ọ̀nà mìíràn jáde lára ọ́ìlì síìlì.

Ara pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́ lè gbóná dé 60°C tàbí 70°C, ọwọ́ kò lè dúró lórí rẹ̀ pẹ́. Bó bá ju ìyẹn lọ, ẹ nu eruku kúrò lẹ́nu fáànù, ẹ gbé e kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi í pamọ́ sí, ẹ sì má jẹ́ kó máa fa afẹ́fẹ́ lásán fún wákàtí lórí wákàtí.

Jíjò rọrùn: ẹ nu gbogbo ara rẹ̀ mọ́, ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ibi tí ọ́ìlì bá kán sí yóò sọ ibi tó ti wá. Bí ọ́ìlì bá wà nínú họ́ọ̀sì iṣẹ́ yín, ẹnìkan ló pa pọ́ǹpù láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé kọ́kọ́, tí fákúọ̀mù inú iṣẹ́ sì fa ọ́ìlì padà.

Nígbà tí sípánà bá yẹ

Diaphragm ni mo gbà kí ẹ ṣí fúnra yín. Ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo ìpele bí ẹ ṣe ń tú u, torí fáàfù rẹ̀ ní ojú àti ẹ̀yìn. Ẹ tú ìdè orí rẹ̀. Ẹ yọ àwọn fáàfù pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ẹ fi isopropanol àti aṣọ tí kì í ré nù wọ́n. Ìdọ̀tí kékeré bí hóró iyọ̀ tó jókòó sábẹ́ ọ̀kan tó láti mú kí gbogbo rẹ̀ má fà. Ẹ gbé awọ rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bó bá sán tàbí tó lu, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dè é padà, ẹ máa gbé e láti igun sí igun tó dojú kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, kó lè jókòó dọ́gba.

Rotary vane ńkọ́? Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo ohun tó wà lókè, tí ọ́ìlì mọ́, tí gas ballast wà ní títì, tí géèjì wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an, tí kò sì dé ìsàlẹ̀, pátákó rẹ̀ ló ti jẹ. Ẹ má ṣí i láìtíì ní àpótí ohun ìpààrọ̀ tó bá orúkọ rẹ̀ gan-an mu lọ́wọ́, torí gáskẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá ya kò ní rí bákan náà mọ́, ìwọ̀n àlàfo inú rẹ̀ sì kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ.

Ọjọ́ tó bá tún dé ìsàlẹ̀ dáadáa, ẹ kọ ọ́ sí téèpù funfun kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìṣì: ọjọ́ tí ẹ bu ọ́ìlì, iye mbar tó dé, iye ìṣẹ́jú tó gbà á, géèjì tí ẹ lò. Lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà, àwa kọ tiwa: “Ti gas ballast. Fi afẹ́fẹ́ wọlé. Kí o tó pa á.”